Ta Ló Yan Séríì fún Táyé?

Ìyá mi, Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o. Ẹ kú oko, ẹ kú àbọ̀ ọjà Ikpinlè, ẹ kú ẹrù ẹ̀gẹ́ tó ń wọ̀ yín lọ́rùn. Bàbá mi, mo kúnlẹ̀ fún yín; ẹ kú ewu orí ọ̀pẹ, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí igbà já mọ́ yín lára. Ìyá Àgbà, mo kí yín lọ́tọ̀, kí ẹ má bàa sọ pé mo kó yín pọ̀ mọ́ àwọn ọmọdé. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fura sí nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Táyé, ìwọ ni mo kí kẹ́yìn. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, má bínú.

Kí ẹ tó gbọ́ ohun tó wà nínú lẹ́tà yìí, mo bẹ̀bẹ̀ ohun kan. Bí mo bá kọ̀wé sílé, Bàbá Kékeré ló máa ń kà á fún yín, bó bá sì dé ibi tí kò dùn mọ́ wọn, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á fò ó. Mo mọ̀. Èyí tí mo kọ nígbà ọ̀gbìn àgbàdo, mo béèrè nínú rẹ̀ pé ta ló ń sùn lórí ẹní mi, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn títí dòní. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé èyí fún àwọn tó ń tẹ ìwé kékeré ìjọ àwọn ará wa níbí, pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta fún gbogbo ayé. Bí ẹnì kan bá fo ìlà kan nílé, ará Tatonnonkon kan á ti kà á, á sì wá sọ ọ́ fún yín lọ́jà. Kí Táyé kà á. Kó kà á sókè. Kí Bàbá Kékeré jókòó tì í kí wọ́n máa wo ìwé náà bó ṣe ń kà á, torí n kò gbẹ́kẹ̀ lé Táyé náà tán.

Ọ̀rọ̀ séríì ni. Táyé ti yege ìdánwò BEPC, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì tó kàn, wọ́n á pín àwọn ọmọ sí séríì, kálukú sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí A á máa ka èdè, ìtàn àti ìwé àwọn tó ń ronú. Ẹni tó bá lọ sí D á máa ka máàtì, fisíìsì àti ẹ̀kọ́ nípa ara ohun alààyè. Láti kékeré ni Táyé ti ń sọ pé agbẹ̀bí lòun máa jẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀. Òun ló dúró ti ewúrẹ́ Ìyá Àgbà tó ń bímọ títí tí omi ẹ̀bà fi gbẹ lórí iná, tí ẹ nà wá ní àwa méjèèjì torí pé ẹ kì í na ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Máàtì rẹ̀ sì dára. Ó dára débi pé ó máa ń bí mi nínú. Wàyí o, Ìyá mi, ẹ pè mí lórí fóònù, ẹ ní A ni ilé mú fún un. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Kí n tó bi yín pé kí ló dé, ẹ ti gbé fóònù fún Bàbá, Bàbá ní ṣé mò ń jẹun, mo ní mò ń jẹun, owó inú fóònù sì tán. Ṣé ẹ rò pé n kò mọ ìgbà tí ènìyàn bá ń sá fún ìbéèrè?

Mò ń jẹun lóòótọ́. Búrẹ́dì ni. Èyí tó bá jóná lábẹ́ tàbí tó bá wọ́, tiwa ni. Ilé búrẹ́dì tí mo wà ní Ìfọ̀ yìí gbóná bí inú ìkòkò epo tó ń hó, ìyẹ̀fun máa ń wọ imú mi débi pé funfun ni mò ń sín. Bó o bá jáde síta láti gba atẹ́gùn, òjò á bá ọ níbẹ̀. Òjò ibí kò jọ tiwa. Tiwa ní Adja-Ouèrè, ilẹ̀ á kọ́kọ́ rùn, ewé ọ̀pẹ á ṣe ṣìì, o máa mọ̀ pé ó ń bọ̀. Tibí kàn ń já luni lórí ni, bí ẹni pé ó ti ń ṣọ́ni láti àná. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́, ẹ má sọ fún mi pé ó kéré, mo rí i kí n tó fi ránṣẹ́. Ọ̀gá wa obìnrin kì í bú wa, ó kàn máa ń dúró lẹ́yìn ẹni láìsọ̀rọ̀. Ìyẹn burú ju èébú lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa ń wọ sùtánà mi lọ sí ìjọ, màá bọ́ bàtà sẹ́nu géètì bíi ti ilé, àmọ́ kò sí ẹni tí mo mọ ohùn rẹ̀ nígbà orin. Nílé, ohùn Táyé ló máa ń bo tèmi mọ́lẹ̀, mo máa ń bínú sí i. Níbí, mo gbọ́ ohùn ara mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò dùn.

Bísí ni a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó jù mí lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí, ó jù mí lọ dáadáa ní sísanra, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tí a fi ń gé ìyẹ̀fun pípò lọ. Ará Kútọnu ló ń pè mí, èmi tí n kò tíì fi ẹsẹ̀ kan Kútọnu rí láyé mi. Ó ti parí sẹ́kọ́ńdìrì ní tiẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú, àmọ́ nígbà tí wọ́n ń pín wọn, ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ló bá wọn lọ, wọ́n ń ka lítíréṣọ̀, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ ìjọba, wọ́n ń ka Bíbélì. Ó yege, ó yege dáadáa. Ó gbé èsì rẹ̀ dé yunifásítì, wọ́n ní fisíìsì dà, kẹ́mísìrì dà, bàọ́lọ́jì dà. Ó ní akọ̀wé ibẹ̀ kò tiẹ̀ wo máàkì òun, ó kàn bi òun pé ṣé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì lòun máa fi gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ ni. Ó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́. N kò gba ẹ̀rín yẹn gbọ́. Torí lọ́sàn-án, bí búrẹ́dì bá wà nínú ààrò, mo máa ń rí i tó ń fi ìka kọ fọ́múlà sórí ìyẹ̀fun tó dà sórí tábìlì. Á kọ ọ́, á pa á rẹ́, á tún un kọ. Ó ń bẹ̀rẹ̀ fisíìsì láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wọ aṣọ funfun kiri wọ́ọ̀dù.

Nígbà tí mo sọ fún un pé A ni wọ́n fi ìkejì mi sí, ó dá iṣẹ́ dúró. Ó ní ta ló yàn án fún un. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí n lọ wádìí, pé ẹni tó bá ń yan ohun tí ọmọ ọlọ́mọ máa kà, ó ní ohun tó ń wá.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Mo fura sí gbogbo yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bàbá Kékeré, mo ní ẹ̀yin ni. Mo ní ẹ fẹ́ kí Táyé di olùkọ́ bíi tiyín, kó máa bá yín máàkì ìwé àwọn ọmọ nígbà tí ẹ bá lọ síbi ayò. Mo tún ní bóyá Bàbá ni. Wọn kì í sọ̀rọ̀, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni kí ènìyàn máa ṣọ́. Mo ní bóyá wọ́n ti mú ọkọ fún Táyé, ẹnì kan tó ní oko ọ̀pẹ ní Massè, tí kò fẹ́ ìyàwó tó mọ máàtì. Mo tiẹ̀ fura sí Táyé fúnra rẹ̀, pé ó ti fẹ́ràn ọmọkùnrin kan tó ń lọ sí A. Ìwọ Táyé, má rẹ́rìn-ín, kàwé lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òwú dé. Ìyá mi, ẹ rán awakọ̀ tó ń kó epo pupa wá síbí sí mi, ẹ ní kí n fi òwú wọn fífẹ̀ èjìká mi, kí n wọn àyà mi, kí n wọn gígùn mi láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ orúnkún, kí n ta á ní kókó, kí n fi ránṣẹ́. Ẹ kò sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Mo bi awakọ̀, ó ní òun kì í ṣe ọlọ́pàá. Mo bi Bísí, ó pariwo, ó ní, “Yéè, ará Kútọnu, wọ́n ti gbé ẹ fọ́kọ!” Ó ní aṣọ ìgbéyàwó ni wọ́n ń rán. Ẹ̀rù bà mí. Inú sì bí mi. Mo wá ronú, mo ní bí ẹ bá fẹ́ ta mí láìsọ fún mi, èmi náà máa ṣe tèmi. Mo fi òwú náà wọn Bísí. Èjìká Bísí, àyà Bísí, gbogbo Bísí pátá. A rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀gá fi wá dúró lẹ́yìn wa. Mo ní ẹ jẹ́ kí ọkọ tí kò rí mi rí yẹn máa retí ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ pè mí, ẹ̀ ń sunkún ayọ̀. Ẹ̀ ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run kò gbàgbé mi, pé ilẹ̀ àjèjì ti gbà mí, pé ẹ kò mọ̀ pé mo ti sanra tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí n fi ara balẹ̀ máa jẹun lọ. Mo ní àmín. Èmi tí ṣòkòtò mi ń já bọ́. Àmọ́ ọkàn mi tún sọ fún mi pé ohun kan wà níbẹ̀, torí kò sí ìyá tó ń múra láti gbé ọmọ fọ́kọ tó máa ń sunkún báyẹn.

Táyé ló wá tú u. Ó yá fóònù, ó pè mí láti abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé, kí ẹ má bàa gbọ́. Mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, mo ní kó fi inú tí a jọ wà búra. Ó kọ́kọ́ ń yí ọ̀rọ̀ po. Ó ní kò sí ọkọ kankan. Ó ní Bàbá Kékeré ni wọ́n tiẹ̀ jà fún D ju ẹnikẹ́ni lọ, pé wọ́n jà débi pé fìlà bọ́ sílẹ̀ lórí wọn tí adìyẹ sì tẹ̀ ẹ́. Ó ní wọ́n ṣàlàyé pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí kò ní ṣí ìwé ẹni tó gba BAC A, ìwé ẹ̀rí ìparí sẹ́kọ́ńdìrì, bó ti wù kí máàkì rẹ̀ dára tó. Bàbá Kékeré, ẹ dárí jì mí. Àmọ́ ẹ yé fo ìlà nínú lẹ́tà mi.

Mo ní ta ni, nígbà náà? Mo gbọ́ tí ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Táyé wá ní, “Màmá ni. Nítorí rẹ ni.”

Ìyá mi, ohun tó sọ pé ẹ sọ rèé, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ kí ẹ sọ fún mi. Ó ní ẹ sọ pé a kì í ṣe fún ọ̀kan nínú ìbejì kí a má ṣe fún èkejì. Ó ní ẹ sọ pé ibi tí Táyé bá jókòó sí, àyè Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kẹ́hìndé yóò padà wálé, yóò ṣe BEPC tó fi sílẹ̀, yóò bá a níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Kẹ́hìndé àti máàtì kò jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Nítorí náà, A ni ọbẹ̀ tí àwọn méjèèjì lè fọwọ́ bọ̀. Ó ní Ìyá Àgbà fi kún un pé bí a bá fún ọ̀kan ní ohun tí èkejì kò lè gbà, ara èkejì á máa gbóná, pàápàá tó bá wà lójú ọ̀nà jíjìn. Mo ní, ìwọ Táyé ńkọ́, kí lo sọ? Ó ní òun kò sọ nǹkan kan. Ó ní òun gbọ́ ikọ́ mi lórí fóònù lọ́jọ́ kan, òun kò sì fẹ́ kí n ní ibà nítorí máàtì òun.

Ìyẹ̀fun ni, Táyé! Ìyẹ̀fun ló ń mú mi wúkọ́!

Lẹ́yìn náà ló wá sọ nípa kàkí. Ó ní ẹ rán kàkí ilé-ìwé méjì. Ó ní wọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lórí ìṣó kan náà. Ó ní ọ̀kan bá òun mu rẹ́gí, èkejì sì tóbi débi pé bí òun bá wọ̀ ọ́, àbúrò wa lè sá pamọ́ sínú rẹ̀ nígbà òjò. Ó ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ máa ń gbọn eruku tèmi. Ó ní bí ẹ bá se ẹ̀wà, ẹ ṣì ń bu tèmi sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ẹ pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ó ní kò sí ẹni tó ń sùn lórí ẹní mi. Ẹ ká a jọ ni.

Ìyá mi, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ibi tó kàn yìí. Màá kọ ọ́ bó ṣe wà nínú mi. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ẹ gbọ́ o? Ó dùn mọ́ mi pé Táyé kò ní kọjá mi lọ. Mo jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, mo ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Ó wù mí kí n máa rí i bẹ́ẹ̀, kí ó máa dúró dè mí lójú ọ̀nà títí láé, kó má lè rìn. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí Bísí nídìí tábìlì, ó ń fi ìka kọ nǹkan rẹ̀ sórí ìyẹ̀fun, ó ń pa á rẹ́. Mo wá rí Táyé níbẹ̀ dípò rẹ̀. Mo rí i tó gbé èsì dáadáa dé iwájú akọ̀wé kan, tí akọ̀wé náà kò gbé ojú sókè. Kò sí ẹni tó máa bi í níbẹ̀ bóyá ìbejì ni. Kò sí ẹni tó máa bi í pé ta ló ń dúró dè. Séríì nìkan ni wọ́n máa wò.

Òótọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rèé: n kò ní padà sí kíláàsì. Mo lè wálé, màá wálé, àmọ́ kì í ṣe láti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìgbà tí mo fi ìwé sílẹ̀, kì í ṣe ìyà ló lé mi, ó sú mi ni. Ọwọ́ mi ti mọ ìyẹ̀fun báyìí. Mo lè fọwọ́ kàn án kí n mọ̀ pé ó ti wú tó. Kò sí nǹkan tí mo mọ̀ báyẹn rí nílé-ìwé. Nítorí náà, àyè tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyé, mo dúpẹ́ títí omijé fi bọ́ lójú mi, àmọ́ òfìfo ló máa wà. Òun nìkan ló máa jókòó sínú A, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè tí ẹnikẹ́ni kò ní wá jókòó sí.

Mo mọ̀ yín. Ẹ máa ní ó dáa, ẹ ó ṣe é, ẹ kò sì ní ṣe é. Torí náà mo fẹ́ kí Bàbá Kékeré gbé Táyé sẹ́yìn alùpùpù kí ilé-ìwé tó wọlé, kí wọ́n lọ bá ọ̀gá ibẹ̀, kí wọ́n ní ẹbí ti yí ọkàn padà. Kí Táyé gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ pé wọ́n ti kọ D. Kó pè mí láti ibẹ̀. Láti ibẹ̀ o, kì í ṣe láti abẹ́ máńgòrò.

Bí ẹ bá ní àṣà ni, èmi náà mọ àṣà. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé èmi ni ẹ̀gbọ́n bó tilẹ̀ jẹ́ pé Táyé ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ ní èmi ni mo rán an, mo ní kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn, ó lọ, ó ké, mo gbọ́ igbe rẹ̀, mo sì tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi mí bóyá mo mọ máàtì kí n tó rán an. Ìyá Àgbà, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ sọ ọ́? Ó dáa. Mo tún rán an. Táyé, èmi Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n rẹ, mo ní kó o lọ sí D, kó o lọ tọ́ ọ wò fún mi. Bó bá dùn, ké. Bó bá korò, ké. Màá gbọ́.

Kàkí kejì, ẹ má tú u, ẹ má sì fún ẹlòmíì. Ẹ gbé e lọ bá télọ̀, kó gbà á wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bísí ló ni èjìká yẹn, ó kí yín, ó ní ẹ ṣeun fún aṣọ. Kí Táyé máa wọ tirẹ̀ lónìí, kó máa wọ tèmi lọ́la. Ọjọ́ tó bá wọ tèmi, èmi náà wà ní kíláàsì máàtì nìyẹn, ara mi kò ní gbóná rárá. Ẹ ti ṣe fún ọ̀kan, ẹ ti ṣe fún èkejì. Ẹ̀wà mi náà, ẹ máa bù ú lọ. Òun ni kó máa jẹ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò.

Olúwa yóò dá yín sí fún wa, Ìyá mi. Ọ̀pẹ kò ní ju Bàbá. Ojú Ìyá Àgbà yóò rí aṣọ funfun lára Táyé, àwọn ọmọ tó bá gbẹ̀bí wọn yóò sì ké sókè ketekete. Ẹ bá mi kí ará ilé, ẹ kí ará oko, ẹ kí ìjọ, ẹ kí ewúrẹ́ yẹn. Ẹ tẹ́ ẹní mi sílẹ̀, kí Táyé máa nà sórí rẹ̀ kàwé.

Èmi ni ọmọ yín, tí kò sanra,
Kẹ́hìndé.